Iṣẹ́ Onímọ̀ Bàyókẹ́mísírì àti Bí Ọ̀dọ́ Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ fún Un

Bàyókẹ́mísírì ni ìmọ̀ nípa kẹ́míkà inú ohun abẹ̀mí: bí oúnjẹ ṣe ń di agbára, bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń pa oògùn dà kí ara tó tú u jáde, ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Bàyófísíìsì náà ń wo ohun abẹ̀mí, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ físíìsì ló fi ń wò ó: ìmọ́lẹ̀, iná mànàmáná, ìtànṣán X-ray. Iṣẹ́ méjèèjì wọnú ara wọn, kò sì sí ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti lè rí i kedere tó àyẹ̀wò jẹnotáìpù.

Ní Èkó, láti Victoria Garden City dé Ikota àti Ajah, àwọn àfẹ́sọ́nà ń ṣe àyẹ̀wò yìí kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, nítorí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń béèrè èsì rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò yóò fi omi iyọ̀ fọ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, yóò bẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà kí hẹmoglóbíìnì inú rẹ̀ lè jáde, yóò sì fi bíńtín nínú rẹ̀ kan abala pélébé kan tí a ti rẹ sínú omi kẹ́míkà. Bí iná bá ti wọ abala náà, hẹmoglóbíìnì á máa rìn lọ sí ìhà pósítíìfù. Hẹmoglóbíìnì irú A á yára, irú S á máa wọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ AA á fi ilà kan hàn níwájú, ti SS á fi ilà kan hàn lẹ́yìn, ti AS á ní ilà méjì. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi iná ya méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí, ní 1949. Ní 1957, Vernon Ingram ní Cambridge fi ìdí rẹ̀ hàn: ẹyọ amino acid kan péré ló yàtọ̀. Èyí tó wà nínú A ní agbára iná négétíìfù. Èyí tó gba ipò rẹ̀ nínú S kò ní. Ohun kékeré yìí ló ń fa fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti ń tẹ̀ bí dòjé.

Iṣẹ́ lórí àìsàn yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs-Sodeye ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé omi tí a fà yọ láti ara gbòǹgbò orin ata lè dá sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bí dòjé padà sípò nínú yàrá ìwádìí. Lẹ́yìn náà, ilé ìwádìí oògùn NIPRD ní Abuja fi egbòogi tí Rev. Paul Ogunyale fi lé wọn lọ́wọ́ ṣe Niprisan: iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. NAFDAC fọwọ́ sí oògùn náà ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Kí egbòogi tó dé ibẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ìwọ̀n tí ara gbà, àti bóyá kò ní ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́. Níbẹ̀ ni onímọ̀ bàyókẹ́mísírì ti wúlò jù, iṣẹ́ náà sì ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Ó yẹ kí òbí àti ọmọ mọ ohun kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù JAMB. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà ni wọ́n máa ń fún ní Bàyókẹ́mísírì, ilé á sì máa rò pé yóò ṣáà ríṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ọsibítù. Òfin 2003 ti fi iṣẹ́ yẹn sí abẹ́ ìgbìmọ̀ MLSCN. Onímọ̀ bàyókẹ́mísírì tí kò kàwé Medical Laboratory Science, tí kò sì gba láìsẹ́ńsì, kò lè fọwọ́ sí èsì aláìsàn. Kò tọ́ kí ọmọ lo ọdún 4 kó tó gbọ́ èyí. Àyè tirẹ̀ wà níbòmíràn: NAFDAC, ilé iṣẹ́ oògùn, ti ọtí àti ti oúnjẹ, ilé ìwádìí NIMR ní Yaba, yunifásítì. Ilé ìwádìí jíìnì náà ń bẹ: ní oṣù Kẹta 2020, àwọn olùwádìí ACEGID ní Ẹdẹ, lábẹ́ Christian Happi tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn, ka jíìnì kòkòrò kòrónà láti ara ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà.

Ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti SS1. Kírẹ́dítì 5 ni wọ́n ń béèrè nínú WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Kẹ́mísírì àti Bàólójì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Físíìsì kì í ṣe ohun àfojúfò. UNILAG àti LASU ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní Èkó. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe IT, ìyẹn ìdánrawò níbi iṣẹ́, ṣe pàtàkì púpọ̀: ilé iṣẹ́ tó gbà á láyè láti fọwọ́ ara rẹ̀ lo ẹ̀rọ sàn ju èyí tó kàn ń rán an ní fáìlì lọ, bí orúkọ ilé iṣẹ́ kejì tilẹ̀ tóbi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí yóò gba oyè kejì àti ọ̀mọ̀wé, kó sì kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nítorí orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ jíìnì wà báyìí. Yunifásítì tó ya Bàyófísíìsì sọ́tọ̀ fún oyè àkọ́kọ́ kò pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń gba ọ̀nà Físíìsì tàbí Bàyókẹ́mísírì kí wọ́n tó yà sí i nígbà oyè kejì.