Ṣé o mọ̀? Àwọn obìnrin ológun Dàhọ̀mì

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó bá wọkọ̀ ní Zanguéra, tó gba Lomé kọjá lọ sí Kútọnu, yóò bá ère obìnrin ológun kan níbẹ̀ tó ga tó mítà 30? Ọdún 2022 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère náà. Àwọn Agojie, obìnrin tó jagun fún ọba Dàhọ̀mì, ni wọ́n fi ń rántí.

Ṣé o mọ̀ pé ìyàwó ọba ni wọ́n ń pè wọ́n? Ààfin Abomey ni wọ́n ń gbé, ọkùnrin kankan ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Tí wọ́n bá ń jáde, ọmọbìnrin kan á máa lu agogo níwájú, kí gbogbo ẹni tó wà lọ́nà yà fún wọn, kí wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣé o mọ irú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe? Lọ́dún 1861, Francesco Borghero, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, rí wọn níbi tí wọ́n ti ń fi ogun dánra wò níwájú Ọba Glèlè. Òkìtì ẹ̀gún ni wọ́n fi ṣe odi ìlú ọ̀tá. Láìwọ bàtà ni wọ́n rọ́ gun orí rẹ̀, ẹ̀gún ń ya wọ́n lára, wọn ò sì dúró. Ẹ̀bùn àwọn tó ta yọ ńkọ́? Ìgbànú ẹ̀gún ni.

Ti pé wọ́n ń gé ọmú kan nù kí wọ́n lè jà dáadáa, irọ́ ni. Ìtàn Gíríìkì ni òyìnbó gbé wá lẹ̀ mọ́ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé wa ni ogun wọn máa ń já sí? Wọ́n gbógun ti Atakpamé nílẹ̀ Tógò níbí, níbi tí àwọn Ifẹ̀ wà. Ogun Dàhọ̀mì náà ló tú Kétu lọ́dún 1886. Ṣùgbọ́n apá wọn ò ká Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, wọ́n dé odi ìlú náà, Ẹ̀gbá sì rò pé ọkùnrin ni gbogbo wọn, nítorí aṣọ kan náà ni tọkùnrin tobìnrin wọ̀. Wọ́n ní ìgbà tí Ẹ̀gbá kan fẹ́ gé nǹkan ọkùnrin lára ọ̀tá tó ṣubú ni àṣírí tú. Áà, obìnrin ló ń bá wa jà? Inú bí wọn, wọ́n sì lé ogun náà padà.

Nígbà tí Dàhọ̀mì tún padà wá lọ́dún 1864, obìnrin kan wà lẹ́yìn Ẹ̀gbá náà: Ẹfúnróyè Tinúubú, tó ń kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun. Wọ́n fi í jẹ Ìyálóde. Ṣùgbọ́n kí á má bò ó mọ́lẹ̀, òun náà ta ẹrú rí.

Fíìmù The Woman King, tó dá lórí àwọn Agojie, fi Ọ̀yọ́ ṣe ìkà, ó sì fọwọ́ fẹ́lẹ́ mú òwò ẹrú Dàhọ̀mì fúnra rẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn.

Ṣé o mọ ẹni tó gbẹ̀yìn wọn? Nawi, ìyá arúgbó kan ní abúlé Kinta ní Benin, ló sọ fún òpìtàn kan pé òun bá Faransé jà lọ́dún 1892. Oṣù kọkànlá ọdún 1979 ló kú, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.