Ìtọ́jú Òṣìṣẹ́ àti Ìtọ́jú Ilẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ilé kéú, ẹ̀yin ìjọ mọ́sáláṣí wa ní Olúpọ̀nnà, àlàyé wa ni lórí bí ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ṣe ń mú kí ilé iṣẹ́ rí ọgbọ́n tuntun tí kò ní ba ilẹ̀ jẹ́.

Òṣìṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ ń rí ibi tí nǹkan ti ń ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ ẹ́ lówó oṣù, tí a sì ń jágbe mọ́ ọn, yóò dákẹ́ ni.

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ 3M dá ètò kan sílẹ̀ ní 1975, pé kí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn máa mú àbá wá lórí bí ìdọ̀tí yóò ṣe dínkù láti orísun rẹ̀. Àbá tó bá dín ìdọ̀tí àti ìnáwó kù, wọ́n ń yẹ́ àwọn tó mú un wá sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ni ó ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òdodo: ilé iṣẹ́ yìí kan náà ṣe kẹ́míkà PFAS, tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀, tó sì wọ inú omi mímu. Ní 2023, ó gbà láti san owó tó lé ní bílíọ̀nù 10 dọ́là fún àwọn ilé iṣẹ́ omi. Nítorí náà, ẹ̀bùn nìkan kò tó. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ lè sọ̀rọ̀ lórí ọjà tó ń mú owó wọlé pẹ̀lú.

Nílé ńkọ́? Níbi tí a ti ń ṣe gàrí, èèpo ẹ̀gẹ́ a máa di òkìtì, a sì máa rùn. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní ILRI, Ìbàdàn, ti fi hàn pé bí a bá lọ̀ ọ́, tí a fún omi rẹ̀ kúrò, tí a sì sá a, ó lè gbẹ láàrin ọjọ́ 1 dípò ọjọ́ 2 sí 3, kí ó di oúnjẹ ẹran. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tí a sì fi ń fún un náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iye ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin bó nìkan ni a ń sanwó rẹ̀ fún wọn, ta ni yóò fọwọ́ kan èèpo? Ẹ kọ́ wọn, kí ẹ sì fún wọn ní ìpín nínú èrè rẹ̀.

Ẹ̀sìn wa kórìíra ìná-àpà, kò sì fẹ́ kí á fi owó òṣìṣẹ́ falẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú méjèèjì lò pọ̀. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.