Bí Ara Onílà Ṣe Ń Dín Ìfàsẹ́yìn Afẹ́fẹ́ Kù

Èrò ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni pé bí ara nǹkan bá ṣe dán tó ni ìfàsẹ́yìn afẹ́fẹ́ lára rẹ̀ yóò ṣe kéré tó. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ara àkùràkudà, ẹja ńlá inú òkun, kò dán. Ìlà wẹ́wẹ́ ni ó wà lára ìpẹ́ rẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń ṣàn ní rúdurùdu lára ọkọ̀ òfurufú, a máa yí po bí ààjà wẹ́wẹ́, a sì máa gbé afẹ́fẹ́ tí ó yára wá gbá ara ọkọ̀. Èyí ni ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí a bá fi ìlà sí i lára bí ti páànù ìbolé Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ṣùgbọ́n tí ó kéré jọjọ, ààjà náà kò ní ráyè wọ inú ìlà; ṣóńṣó ìlà nìkan ni yóò máa kàn. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá fẹ̀ jù, tàbí tí ó dábùú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ìfàsẹ́yìn yóò pọ̀ sí i ni.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ NASA láàárín 1980 sí 1989 fi hàn pé ìfàsẹ́yìn yìí lè dín kù tó ìdá 8 nínú 100. Láti 2022 ni ilé-iṣẹ́ SWISS ti ń lo awọ onílà AeroSHARK lára ọkọ̀ rẹ̀. Epo tí ó ń dín kù tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 100. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó sọ pé dídán ló dára jù, kí ó kọ́kọ́ béèrè irú ìṣàn tí afẹ́fẹ́ ń ṣàn.