Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Òkè Padre

Ẹni tí ó bá ń gbẹ́ kànga ní Òkè Padre, ní Ìbàdàn, yóò kọ́kọ́ bá erùpẹ̀ pupa pàdé, lẹ́yìn náà òkúta tí ń jẹrà, nínú èyí tí omi máa ń pọ̀ sí, àti níkẹyìn àpáta líle tí ọkọ́ kò ràn. Ó lè wí pé òun ti dé ìdí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú àpáta yìí sọ̀kalẹ̀ lọ tó kìlómítà 30 sí 40, síbẹ̀ èèpo ilẹ̀ ayé lásán ni, bí èèpo ti rí lára iṣu.

Lábẹ́ èèpo náà ni àpáta mìíràn wà, tí ó wúwo jù ú lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí ewé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí iná tí ó yọ́ bí omi ni ilẹ̀ ayé gbé jókòó. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Àpáta líle ni, òun àti èèpo sì so pọ̀ bí pákó kan ṣoṣo. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ooru ti mú kí àpáta rọ̀, gẹ́gẹ́ bí òrí tí ó le nígbà ọyẹ́ ti í rọ̀ nígbà tí oòrùn bá mú, láìtíì yọ́. Lórí èyí ni ilẹ̀ Áfíríkà ń rìn, bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ́dún.

Báwo ni a ṣe mọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́lẹ̀ débẹ̀? Ihò tí ó jìn jù lọ, tí àwọn ará Rọ́ṣíà gbẹ́ ní Kola, fi díẹ̀ ju kìlómítà 12 lọ. Ní 1909, ilẹ̀ mì nítòsí Zagreb, ní Croatia. Andrija Mohorovičić ṣàkíyèsí pé ìmìtìtì náà yára dé ọ̀nà jíjìn ju bí a ti retí lọ. Ó dàbí èrò ọjà tí ó fi ọ̀nà ẹrẹ̀ sílẹ̀ tí ó yà sí títì: ìrìn rẹ̀ gùn sí i, síbẹ̀ ó ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ dé. Nípa èyí ni ó fi mọ̀ pé irú àpáta mìíràn wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rí wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú: ní Biu àti ní agbègbè Jos, òkè oníná àtijọ́ gbé ègé àpáta aláwọ̀ ewé náà wá sókè.

Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, tí a sì mọ̀ ọ́n lára dé Ìbàdàn, ilẹ̀ kò fẹ́ rì. Àpáta tí ó ti sán láti ayébáyé ni ó yẹsẹ̀ díẹ̀. Ní Accra ní 1939, ìmìtìtì tí ó le ju èyí lọ wó ilé púpọ̀, ó sì pa ènìyàn. Ògiri tí ń wó ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Bí ilẹ̀ bá mì, kí ẹni tí ó wà nínú ilé wọ abẹ́ tábìlì tí ó lágbára, kí ó sì fi ọwọ́ bo orí. Kí ẹni tí ó wà lóde jìnnà sí ògiri. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í wọ̀ ọ́; èyí tí ó bá sì ti lanu, kí onílé tètè tún un mọ kí ilẹ̀ tó mì.