Ṣé o mọ̀? Rembrandt gbé Saskia lé itan

Ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin kan ya ara rẹ̀ bí ọ̀mùtí, ó gbé ìyàwó rẹ̀ lé itan, ó sì fi ìyàwó náà ṣe aṣẹ́wó ilé ọtí? Rembrandt ayàwòrán ni, ní nǹkan bí ọdún 1635. Ìyàwó náà ni Saskia, ọmọ ẹni tó ti ṣe olórí ìlú Leeuwarden rí!

Ìtàn ọmọ onínàákúnàá inú Bíbélì ló ń yà. Fìlà oníyẹ́, idà ní ìbàdí, ife gígùn lókè, ẹ̀rín dé etí. Tún wo orí tábìlì dáadáa: ọ̀kín ni wọ́n fi se oúnjẹ yẹn, ọ̀kín ọba ẹyẹ!

Ẹni mélòó lo rí nínú àwòrán yẹn? Méjì? Ẹ̀rọ X-ray rí ẹnì kẹta: obìnrin kan wà lábẹ́ ọ̀dà, ó ń ta ohun èlò olókùn bíi gìtá. Rembrandt kun ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀, ó ku Saskia nìkan.

Dúró, o ò tíì gbọ́ nǹkan. Ní 1638, àwọn kan nínú ẹbí Saskia ń sọ ọ́ kiri pé ó ti fi fàájì jẹ ogún òbí rẹ̀ tán. Ẹjọ́ ni Rembrandt pè wọ́n! Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ra ilé guilder 13,000 ní Amsterdam.

Àwòrán tọkọtaya tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò ńkọ́? Ó wà: ti 1636, tó fín sára bàbà kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 àti díẹ̀ lọ ní gíga. Nínú gbogbo àwòrán ara rẹ̀ tó fín báyìí, ọ̀kan ṣoṣo yìí ni ìyàwó ti bá a jókòó.

Àní, ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣàdéhùn ìgbéyàwó, ní June 1633, ló ti fi ṣóńṣó fàdákà ya Saskia sórí awọ, tòun ti fìlà olódòdó. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìyàwó òun nìyí, bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó ṣì ku nǹkan bí ọdún kan!

Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Méjì nínú wọn ń jẹ́ Cornelia, àwọn méjèèjì kò sì lo ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láyé.

Ọdún 1642 tí Rembrandt parí àwòrán ńlá rẹ̀ nípa àwọn ẹ̀ṣọ́, tó fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, ni Saskia kú lẹ́ni ọdún 29. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ló ṣe ìwé ìhágún: bí ọkọ òun bá fẹ́ ẹlòmíì, kó gbàgbé owó òun. Rembrandt ò sì tún ṣe ìgbéyàwó mọ́ títí ó fi kú.

Ṣé o gbà pé Rembrandt ta sàréè Saskia? Ó tà á, ní 1662, nígbà tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó o bá wà ní Amsterdam ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù March, tètè jí. Ní agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 39 láàárọ̀, oòrùn a gba ojú fèrèsé ìjọ Oude Kerk wọlé, a tàn sórí òkúta sàréè Saskia, àwọn èèyàn a sì ti dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń retí rẹ̀.