Ìsédò Tó Ń Dá Àgbàrá Dúró

Ìsédò méjì ló wà, wọn ò sì jọra. Omi mímu Abẹ́òkúta àti Èkó ni wọ́n ṣe fi ti Ọ̀yán pamọ́ láti 1983. Ìyẹn gbọ́dọ̀ lómi nínú. Bó bá kún jù, wọ́n á ṣí i, ni àgbàrá á bá ya wọ Ìṣẹ́rí tó wà létí odò Ògùn.

Èyí tó ń dá àgbàrá dúró ńkọ́? Òfìfo ló yẹ kó wà. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró níbẹ̀, á máa gba páìpù ìsàlẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ títí ibẹ̀ á fi gbẹ. Ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ́ràá, ó ń wọ èèyàn lójú, àmọ́ ẹ má kọ ebè dí ojú páìpù. Bó bá dí, omi á gba orí ògiri yẹ̀pẹ̀ kọjá, á jẹ ẹ́ wó, ẹ̀fọ́ ìsàlẹ̀ á bá a lọ. Kí òjò oṣù kẹfà tó dé, ẹ kó ìdọ̀tí ibẹ̀. Ọ̀rá píọ́-wọ́tà máa ń dí i.