Àgò Onílé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àlejò tí a kọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ kì í ṣàdédé wọ ilé onílé. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, yóò sì ké pé, "Àgò onílé o!" Bí onílé kò bá tí ì dáhùn pé, "Àgò yà," kò gbọdọ̀ wọlé. Ó yẹ kí a rántí àṣà yìí nígbà tí a bá ń ka ìròyìn lórí fóònù.

Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí ó bá rà á a máa kà á ní ìyẹ̀wù rẹ̀. Ìwé náà kò mọ ẹni tí ń ka òun. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Erúnmu bá ṣí ojú-ewé ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ó ti ń ka ìròyìn ni ìròyìn náà lè máa ka òun pẹ̀lú.

Báwo ni èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Àmì kékeré kan wà tí a ń pè ní kúkì, tí Lou Montulli ti ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1994. Inú fóònù ẹni ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó burú, nítorí òmíràn kàn ń rántí ẹni tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ti àwọn apolówó ọjà a máa tọ ènìyàn lẹ́yìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Bí ó bá kà nípa àìsàn, wọ́n á mọ̀. Bí ó bá kà nípa ìdánwò, wọ́n á mọ̀. Kí ojú-ewé tó ṣí tán, wọ́n lè ti fi àyè ìpolówó ibẹ̀ ṣe gbàǹjo, kí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù sì gbà á. Owó yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìròyìn fi ń bọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Nítorí náà, ìpolówó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wíwọlé láìkágò ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin tí ó dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni ní Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, bẹ́ẹ̀ ni àmì tí ẹlòmíràn ti bá wa fi sílẹ̀ ṣáájú kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹni tí ó bá gbà lónìí lè kọ̀ lọ́la. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò yọ̀ǹda.

Síbẹ̀, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà púpọ̀, gàdàgbà ni wọ́n ń kọ "Mo gbà", tí wọn yóò sì fi "N kò gbà" pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Ẹni tí ń kánjú yóò tẹ èyí tí ó hàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wá èkejì. Bí ẹ bá tilẹ̀ kọ̀, ẹ ó ṣì máa rí ìpolówó, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fi ìrìn ẹsẹ̀ yín ṣe ọjà tà. Ẹ sì lè pa àwọn kúkì tí ó ti wà nínú fóònù yín rẹ́ nígbàkígbà.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí olúkúlùkù gbọ́ àgò dáadáa kí ó tó dáhùn.